Ta Ni Ìkòkò Aró Kàn? Ìfiwéra Ọ̀nà Tí Àwọn Iléeṣẹ́ Software Ń Gbà Pín Iṣẹ́ fún Ikọ̀ Wọn

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìgbóǹnà, níbí ní Òṣogbo, ló béèrè fún un: kí ẹni tó bá dáwó lọ́jọ́ ìpàdé rí rìsíìtì gbà lórí fóònù rẹ̀ kó tó dìde níjokòó. Iléeṣẹ́ kan ní Òkè-Fìà ni mo wà nígbà náà, a jẹ́ mọ́kànlá, áàpù tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń tọ́jú owó àti gbèsè wọn la sì ń ṣe. Ẹni tó ń ya ojú áàpù parí tirẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ó gbé e fún àwọn frontend, ìyẹn àwọn tó ń kọ kóòdù ohun tí ojú ń rí, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí àwọn yẹn ṣe é tán, ó kan àwọn backend, ìyẹn àwọn tó ń kọ kóòdù ẹ̀yìn tí ojú kò rí, iṣẹ́ mẹ́fà sì ti wà níwájú wọn. Lẹ́yìn wọn ló kan àwọn tó ń dán áàpù wò. Wọ́n rí àṣìṣe kékeré kan, wọ́n dá a padà, ó sì tún lọ tò sí ẹ̀yìn pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méje ló kọjá kí rìsíìtì yẹn tó dé orí fóònù ẹnikẹ́ni. Kò sí ọ̀lẹ láàárín wa. Ilẹ̀ máa ń ṣú bá wa lẹ́nu iṣẹ́ ni, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó kà sí pàtàkì jù. Kí a tó dé, akápò ti padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ àti báírò rẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ará Òṣogbo. Ìlú aró la wà. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ mọ̀ pé aládìrẹ yàtọ̀ sí aláró: ẹnì kan á fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ, tàbí kó fi okùn dì í, ẹlòmíràn ló ni ìkòkò aró. Aládìrẹ mẹ́wàá lè parí ọnà wọn kí oòrùn tó mú. Bí aláró bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ìkòkò rẹ̀ jẹ́ méjì, ìkòkò méjì yẹn ló máa sọ iye aṣọ tó máa dé ọjà, bó ti wù kí ọwọ́ àwọn tó ń ya ọnà yá tó. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé aṣọ ta ni ìkòkò kàn, ta ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè yìí ni mo fi wọn ọ̀nà mẹ́rin tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn iléeṣẹ́ software, kékeré àti ńlá. Ẹni tí mo ní lọ́kàn ni ẹni tó ní ènìyàn mẹ́ta sí ogún lábẹ́ rẹ̀ níhìn-ín, tó fẹ́ mọ èyí tó yẹ kó mú.

## Pípín wọn nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn

Ohun tí a ń ṣe ní Òkè-Fìà nìyí. Frontend wà pọ̀, backend wà pọ̀, àwọn tó ń dán an wò wà lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò ní àǹfààní. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tó wá jókòó ti ẹni tó ti ń ṣe database (ibi tí áàpù ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí) láti ọdún mẹ́wàá, á mọ iṣẹ́ náà dénú lọ́nà tí kò lè gbà mọ̀ ọ́n bí òun nìkan bá dá wà láàárín àwọn oníyàwòrán. Kóòdù wọn á máa jọra. Àléébù tí ẹnì kan kò rí, ẹlòmíràn á rí i.

Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà yìí máa ń fi Apple ṣe ẹ̀rí, wọn kò sì jayò pa. Nígbà tí Steve Jobs padà síbẹ̀ ní 1997, ó tú àwọn ẹ̀ka tí olúkúlùkù ní ọ̀gá tirẹ̀ àti ìṣirò èrè tirẹ̀ ká, ó kó gbogbo iléeṣẹ́ sábẹ́ ìṣirò kan ṣoṣo, ó sì pín àwọn òṣìṣẹ́ nípa ìmọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Apple ṣe ń bá a lọ títí tó fi di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù láyé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé e ró: àwọn ènìyàn díẹ̀ lókè ló ń pinnu ohun tí gbogbo ikọ̀ yóò ṣe àti èyí tí yóò ṣáájú. Ẹ mú ìyẹn kúrò, ẹ fi ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó to iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje tiwa lẹ máa bá.

Melvin Conway, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 1968 pé iléeṣẹ́ tó bá ṣe ètò kan, bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni ètò náà máa rí. Mo fojú ara mi rí i. Ikọ̀ mẹ́ta ló fọwọ́ kan orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ nínú áàpù wa, ọ̀nà mẹ́ta ni a sì gbà ń tọ́jú orúkọ yẹn. Obìnrin kan tó tún orúkọ rẹ̀ kọ lẹ́yìn ìgbéyàwó rí i pé orúkọ tuntun ló wà lójú fóònù, ti àtijọ́ ló wà lórí rìsíìtì, ìwé ìjábọ̀ ọdún sì gbé méjèèjì bíi pé ènìyàn méjì ni. Kò sí ikọ̀ tó ṣe àṣìṣe lágbègbè tirẹ̀. Àárín wọn ni àṣìṣe wà, àárín yẹn kò sì sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tó kàn wá ní Òṣogbo ju bó ṣe kan ará Èkó lọ. Àwọn tó ní ìmọ̀ kan pàtó kò pọ̀ níbí, wọn kì í sì í pẹ́. Ẹyọ ẹnì kan ló mọ̀ nípa ìsanwó láàárín wa. Oṣù tó rí iṣẹ́ gbà lókè òkun, tó ń ti yàrá rẹ̀ ní Dada Estate ṣe é, gbogbo iṣẹ́ tó kan owó dúró gbagidi fún oṣù méjì. A kò lè bínú sí i, ọ̀nà ló là fún un. Àwa la kó gbogbo ẹyin wa sínú agbọ̀n tí ẹnì kan ṣoṣo gbé dání.

## Pípín wọn nípa ohun tí oníbàárà wá ṣe

Níbí, ikọ̀ kan ló gba iṣẹ́ kan láti orí dé ìdí. Ká fi áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe é: ikọ̀ kan ló ni owó dídá, òmíràn ló ni owó yíyá àti sísan padà. Inú ikọ̀ owó dídá lẹ máa ti rí ẹni tó ń ya ojú áàpù, ẹni tó ń kọ kóòdù iwájú, tẹ̀yìn, àti ẹni tó ń dán an wò. Ní iléeṣẹ́ kékeré, ẹnì kan lè ṣe méjì nínú wọn. Ohun tó ṣe kókó ni pé rìsíìtì akápò kò ní jáde kúrò lọ́wọ́ wọn títí tó fi máa dé Ìgbóǹnà.

Amazon ló sọ èyí di olókìkí. Jeff Bezos tó dá a sílẹ̀ ní ikọ̀ kankan kò gbọdọ̀ pọ̀ ju iye ènìyàn tí píísà méjì lè yó lọ. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ lè gbà láàárín wọn. Bí wọ́n bá di mẹ́jọ, ó di 28. Bí wọ́n bá di méjìlá, ó di 66. Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360, ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá, ní IBM, ló tan ìṣirò yìí kálẹ̀ ní 1975, òun náà ló kìlọ̀ pé bí iṣẹ́ software bá ti pẹ́, ńṣe ni kíkó ènìyàn tuntun sí i ń mú un pẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ àwọn ọ̀gá tó ń pè mí nígbà tí ọjọ́ bá ti kù díẹ̀ pé kí wọ́n dín iṣẹ́ kù dípò kí wọ́n gba ènìyàn méjì kún un.

Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí kò ṣeé fi pamọ́. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ikọ̀ kì í ní ẹni tó ni ín ní pàtó. Gbogbo wa la mọ ìtàn ìlú wa, pé nígbà tí igi tí ọdẹ Tìmẹ́yìn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tẹ ìlú dó gé wó lu odò Ọ̀ṣun, ohùn kan ké láti inú omi: Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán. Àwọn tó gé igi kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń lo ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ owó yíyá ṣe máa ń yí nǹkan kan padà nínú database ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ti owó dídá á sì dojú dé lálẹ́. Ikọ̀ méjèèjì á kọ ibi ìwọlé tiwọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan á sì ní ihò tí olè lè gbà wọlé. Ẹni tó ń dán áàpù wò náà á máa dá wà, kò sí ẹlẹgbẹ́ tó máa kọ́ ọ ní ohun tuntun. A fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ ṣe àtúnṣe sí ti ìkẹyìn yìí: gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà á jókòó pọ̀, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ti àkọ́kọ́ ló le.

## Ikọ̀ ìpìlẹ̀

Ọ̀nà kẹta ni láti yọ àwọn díẹ̀ sọ́tọ̀ tí oníbàárà wọn jẹ́ àwọn ikọ̀ yòókù. Àwọn ló ni server (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń gbé lé), ibi ìwọlé, ìsanwó, ààbò, àti irinṣẹ́ tí a fi ń gbé kóòdù jáde. Bí iléeṣẹ́ bá ti ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan.

Ẹ fi ohun kan yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ikọ̀ owó dídá lè mú ohun tó nílò fúnra rẹ̀, àbí ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé kó sì dúró? Bó bá ń dúró, aláró kan, ìkòkò méjì la tún padà sí. Aláró tó bá po aró sílẹ̀, tó fi han àwọn aládìrẹ bí wọ́n ṣe lè rẹ aṣọ tiwọn fúnra wọn, ni ikọ̀ ìpìlẹ̀ tó dára.

## Ọ̀nà ọlọ́gàá méjì

Ní 2012, Henrik Kniberg àti Anders Ivarsson kọ àkọsílẹ̀ kan nípa bí Spotify, iléeṣẹ́ orin ti Sweden, ṣe ń pín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: squad tó ni iṣẹ́ kan, tribe tó kó àwọn squad jọ, chapter fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ọwọ́ kan náà, guild fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ káàkiri ayé da orúkọ wọ̀nyí kọ bí ẹni ń da àdúrà kọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ ọ́ ti sọ nínú rẹ̀ pé bí nǹkan ṣe rí lásìkò yẹn nìkan làwọn ń sọ, àti pé ó ṣì ń yí padà.

Òṣìṣẹ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ squad, olórí chapter sì ni ọ̀gá rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ lè ráyè fún un. Fún ènìyàn mẹ́sàn-án ní Aláyétóbi tàbí Ògo-Olúwa, adìẹ bà lókùn ni: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. N kò rí iléeṣẹ́ kékeré kan tí mo lè gbà nímọ̀ràn pé kó ṣe é.

| Ọ̀nà | Ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró | Ẹni tó ń to iṣẹ́ | Iye ènìyàn tó bá a mu |
|---|---|---|---|
| Iṣẹ́ ọwọ́ | Láàárín ikọ̀ kan àti èkejì | Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan lókè | Ibi tí ìmọ̀ jíjinlẹ̀ ti ṣe pàtàkì ju yíyára lọ |
| Ohun tí oníbàárà wá ṣe | Lórí ohun tí gbogbo ikọ̀ jọ ń lò | Ikọ̀ fúnra rẹ̀, lábẹ́ ìpinnu gbogbogbò | 6 sí 15 |
| Ikọ̀ ìpìlẹ̀ pẹ̀lú ti òkè yìí | Lẹ́nu ọ̀nà ikọ̀ ìpìlẹ̀ | Àwọn ikọ̀ tó ń lo iṣẹ́ wọn | Ó ju 15 lọ |
| Ọlọ́gàá méjì | Nínú ìpàdé | Ó ṣòro láti sọ | Ọgọ́rọ̀ọ̀rún |

## Ìwé iṣẹ́ mélòó lẹ ní?

Ìwé iṣẹ́ ni mo pe ibi tí a to àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra. Lójú mi, ìbéèrè yìí ṣe kókó ju bí ẹ ṣe pín àwọn ènìyàn lọ, òun sì ni mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ní gbogbo ọdún tí mo lò ní Òkè-Fìà. Ikọ̀ mẹ́rin, ìwé iṣẹ́ mẹ́rin. Rìsíìtì wà ní ipò kìíní nínú ìwé kan, ó wà ní ipò keje nínú òmíràn, kò sí nínú ẹ̀kẹta rárá. Kò sí bí a ṣe lè yára pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ jù láyé la kó jọ.

Ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo ilé ló rọrùn jù. Ẹnì kan ló ń tò ó. Kò sí iṣẹ́ méjì tó lè wà ní ipò kìíní. Bí oníbàárà bá pè pẹ̀lú ohùn líle, a óò béèrè èyí tó máa sọ̀ kalẹ̀ fún un. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹni tó ń tò ó kì í sábà mọ bí ìpìlẹ̀ ṣe rí, torí náà ohun tí ojú ń rí ló máa ń ṣáájú lójoojúmọ́, títí ilé fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ìwé púpọ̀ náà lè ṣiṣẹ́, bí ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ọ̀kan. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé jọ ń kọ, ló fi hàn. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1991 ni Linus Torvalds kéde pé òun ń ṣe é, ọjọ́ méjì géérégé kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Lónìí, apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní olùtọ́jú tirẹ̀: ẹni tó ń wo network, ẹni tó ń wo ibi tí fáìlì ń sùn sí. Olúkúlùkù ló ń pinnu ohun tó máa gbà lágbègbè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ilẹ̀kùn ń wà ní ṣíṣí fún ohun tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà àtúnṣe nìkan ló kù, ẹ̀dà tuntun á sì jáde ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá síra. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ méjì náà bá kọjá lórí rẹ̀, kó dúró de ìgbà mìíràn. Ìyẹn ti yanjú ìjà púpọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ti àtúnṣe àti ohun tuntun wá ńkọ́? Ìjà tó pẹ́ jù nìyẹn láàárín àwọn ikọ̀. Ọ̀nà tí Google gbà parí rẹ̀ ló wù mí jù. Láti 2003 ni Ben Treynor Sloss ti bẹ̀rẹ̀ ikọ̀ kan níbẹ̀ tó ń rí sí i pé àwọn ètò wọn kò dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n jọ fẹnu kò lórí iye àkókò tí ètò kan lè má ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣèlérí fún oníbàárà pé ètò yín á máa ṣiṣẹ́ fún 99.9% àkókò, nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 lẹ ní tí ẹ lè fi ṣòfò nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Bó bá jẹ́ 99.5%, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 36 ni. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣẹ́jú yẹn bá ṣì kù, ohun tuntun ló ṣáájú. Bó bá tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun tuntun jáde, ìpìlẹ̀ ló kàn. Kò sí ẹni tó máa pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Aago ló ń sọ ẹni tí ìkòkò kàn. Wọ́n tún fi ààlà kan sí i: àwọn tó ń tọ́jú ètò kò gbọdọ̀ lo ju ìdajì àkókò wọn lọ lórí iṣẹ́ pa-iná, ìyẹn àtúnṣe òjijì àti ìtọ́jú ojoojúmọ́, kí wọ́n lè fi ìyókù kọ ohun tí kò ní jẹ́ kí iná náà ràn mọ́.

Ẹni tí kò bá ṣe èyí díẹ̀díẹ̀ á ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kìíní 2002, Bill Gates kọ̀wé sí gbogbo òṣìṣẹ́ Microsoft pé bí wọ́n bá ní láti yan láàárín ohun tuntun àti ààbò, ààbò ni kí wọ́n yàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá iṣẹ́ tuntun lórí Windows dúró, wọ́n kó àwọn tó ń kọ kóòdù lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹ ohun tí wọ́n ti kọ wò. Microsoft lówó tó lè fi dúró. Ẹ ro bó ṣe máa rí bí ẹ bá sọ fún iléèwé méjìlá tó ń lo áàpù yín pé ẹ ń lọ fún oṣù méjì.

## Èyí tí màá mú

Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ má pín rárá. Ìwé iṣẹ́ kan, ẹni tó ń tò ó kan, kí ẹni méjì ó kéré tán sì mọ ohun kọ̀ọ̀kan tó kan owó.

Láti mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pín nípa ohun tí oníbàárà wá ṣe, ikọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi ọjọ́ kan nínú márùn-ún sílẹ̀ fún ìpìlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni tiwa, a kì í sì í tà á fún oníbàárà kankan, ohun yòówù tó bá gbé wá. A jẹ́ mẹ́sàn-án níbi tí mo wà báyìí: ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin méjì, ẹnì kan tó ń wo server àti ààbò, tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń yá a ní ènìyàn kan ní Ọjọ́bọ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, bó bá rí iṣẹ́ sí Èkó lọ́la, àwọn mìíràn mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Bí ẹ bá ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ dá ikọ̀ ìpìlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì máa bi àwọn ikọ̀ yòókù lóṣooṣù bóyá wọ́n ń dúró dè é.

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá mú, ẹ wo àsìkò. Áàpù iléèwé kò gbọdọ̀ gba ohun tuntun ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìwọlé oṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá ń ṣe ti àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì, oṣù kẹjọ tí àlejò ń wọ́ wá sí ọdún Ọ̀ṣun ni ẹ ó fi ṣọ́ra. Oṣù kejìlá tí èrè pínpín bẹ̀rẹ̀ ló ń lé àwa lójú oorun, ìdí nìyẹn tí a fi ń ti ilẹ̀kùn ní àárín oṣù kọkànlá bíi ti Linux.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú iṣẹ́ márùn-ún tí ẹ parí gbẹ̀yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ọjọ́ tí ọwọ́ fi wà lára rẹ̀ àti iye ọjọ́ tó fi dúró de ẹlòmíràn. Mo ṣe é fún rìsíìtì akápò Ìgbóǹnà nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Òkè-Fìà: ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin, ọjọ́ ìdúró 31. Iṣẹ́ tó fara jọ ọ́ wọlé sọ́dọ̀ wa ní oṣù tó kọjá. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, ọjọ́ ìdúró kan, ìyẹn náà sì jẹ́ nítorí pé akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn rìnrìn àjò lọ sí Ìkìrun, a sì fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.